Ẹ Bi Àǹtí Bàhíà: "Ọkọ mi ní gbogbo ẹ̀ dà bí ilé"

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Látìgbà tó ti bọ́ lẹ́nu mi níbí pé Salvador lèmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń gbé, ìlú etí òkun tó wà ní Bàhíà ní Brazil, lẹ́tà ò jẹ́ n sinmi mọ́, tọkọtaya ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ ọ́, àwọn tó ti dé àtàwọn tó ṣì ń múra. Mo ti yọ orúkọ kúrò, mo gé èyí tó gùn jù kúrú, ìyókù rèé bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ mi ń kàwé ní Salvador, físà mi ti jáde, mo ń bọ̀ lóṣù karùn-ún. Gbogbo ìgbà tí mo bá bi í pé kí ni kí n kó bọ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé "má yọ ara ẹ lẹ́nu, gbogbo ẹ̀ dà bí ilé, oòrùn wà, epo pupa wà, àkàrà wà lójú títì." Mo mọ ọkùnrin yìí o, ó lè máa gbé inú yàrá tí ò ní fèrèsé kó má mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi, báwo ni ibẹ̀ ṣe rí, kí ni kí n kó, kí ni kí n fi sílẹ̀?
Ìyàwó tó ń di ẹrù, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ọkọ ẹ ò parọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ló kàn sọ. Àkàrà wà lójú títì lóòótọ́, acarajé ni wọ́n ń kọ ọ́, àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun ńláńlá ló ń dín in nínú epo pupa, ìjọba Brazil tiẹ̀ ti kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè láti 2005, ṣùgbọ́n wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á kó vatapá, ìyẹn ọbẹ̀ kíki kan, àti edé gbígbẹ sínú ẹ̀, tí wọ́n bá sì bi ẹ́ pé ṣé o fẹ́ ata, rò ó dáadáa kó o tó dáhùn. Ilá wà, quiabo. Ẹ̀wà tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà wà, feijão fradinho. Iṣu wà, inhame. Ọjà São Joaquim ni kó o ti lọ ra gbogbo ìyẹn, nísàlẹ̀ ìlú létí omi, ibẹ̀ rí jágbajàgba bí ọjà Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé, wàá rí epo pupa nínú ìgò, edé lórí tábìlì, ewúrẹ́ láàyè, ewé oríṣiríṣi.

Gààrí ló máa já ẹ kulẹ̀. Farinha pọ̀ bí iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ náà ni, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà jẹ́ kó kan bíi tiwa, tó o bá fi tẹ èbà wàá mọ̀ pé nǹkan kan ò tọ̀nà. Ṣe pirão bíi tiwọn, omi ọbẹ̀ ẹja gbígbóná ni wọ́n fi ń rò ó, ó dùn gan-an ni. Èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí ni àárò wọn máa sọ ẹ́ jù, kó o tó kó wọn sí báàgì wádìí dáadáa o, torí irúgbìn, ẹran, ẹja àti wàrà lófin tiwọn ní pápá ọkọ̀ òfurufú Brazil, wọ́n lè kó o dà nù lójú ẹ.

Ilé gan-an lọ̀rọ̀ wà. Orí òkè àti abẹ́ òkè ni Salvador wà, débi pé láti 1873 ni wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ ìlú lọ sókè, Elevador Lacerda. Torí náà bi ọkọ ẹ pé àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti ojú títì dé ẹnu ọ̀nà yín, torí láwọn àdúgbò kan mọ́tò ò lè débẹ̀, gáàsì ìdáná kílò 13 tẹ́ ẹ bá rà, ẹnì kan ló máa gbé e gùnkè, àti àgbá irin ẹ̀ o. Lẹ́yìn ìyẹn, bi í pé ibo ni fèrèsé yín kọjú sí. Èmi gbà pé ìbéèrè yìí ju iye yàrá lọ. Ní Salvador, nascente ni wọ́n ń pe ilé tó kọjú sí ìlà oòrùn, atẹ́gùn òkun á máa fẹ́ wọ ibẹ̀, ìyẹn ló fi wọ́n jù. Poente ni èyí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, láti aago méjì ọ̀sán ni ògiri á ti gbóná, kò ní tutù títí tẹ́ ẹ máa fi sùn, owó tẹ́ ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ lórí rẹ́ǹtì, owó iná á gbà á padà. Ọkùnrin tó ń lọ síbi ìwé láàárọ̀ tó ń dé lálẹ́ ò lè mọ̀, ìwọ tó o máa wà nílé lọ́sàn-án ni ara ẹ máa sọ fún ẹ.

Má kó bùlẹ́ńdà, má kó áyọ́ọ̀nù, fi wọ́n sílẹ̀ fún àbúrò ẹ. Iná ilé púpọ̀ ní Salvador, 127 ni, tiwa nílé 240, bùlẹ́ńdà ẹ á máa yí bí ẹni tí ebi ń pa, ẹnu ihò iná wọn gan-an sì yàtọ̀, ihò róbótó mẹ́ta. Omi gbígbóná fún ìwẹ̀, orí ẹ̀rọ tó ń tú omi yẹn gan-an ni wọ́n ti ń gbóná, wáyà iná wọ inú ẹ̀, má yí bọ́tìnnì ẹ̀ nígbà tí omi bá ń ṣàn lọ́wọ́, mo bẹ̀ ẹ́.

Oṣù karùn-ún tó o ń bọ̀ yẹn, àárín òjò lo máa bọ́ sí. Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje lòjò máa ń rọ̀ jù níbẹ̀, òtútù ò sí, lóṣù keje gan-an kì í sábà lọ sísàlẹ̀ 20 lóru, súwẹ́tà kan ti tó, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin inú ilé kì í ṣeré. Bàtà aláwọ, bẹ́líìtì, aṣọ òkè tó o ṣe ìgbéyàwó, tó o bá tì wọ́n mọ́ inú àpótí nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ẹ̀ ló máa bu. Jẹ́ kí ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù máa ṣí díẹ̀, wọ́n ń ta nǹkan funfun kan nínú ike kékeré ní súpámákẹ́ẹ̀tì tó ń fa omi inú atẹ́gùn, anti-mofo, fi sínú ẹ̀. Tí ilé yín bá wá sún mọ́ òkun, iyọ̀ inú atẹ́gùn á jẹ fíríìjì, á jẹ fáànù, á jẹ irin fèrèsé, maresia ni wọ́n ń pè é, fi aṣọ tútù nù wọ́n déédéé kó tó dípẹtà. Ṣé ọkọ ẹ sọ ìyẹn? Kò lè sọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó mi ní ibà gbígbóná, orí ń fọ́ ọ, ẹ̀yìn ẹyinjú ń dùn ún, gbogbo oríkèé ń ro ó. A lo oògùn màlèríà tá a kó bọ̀ láti ilé, kò lọ. Ó wá ní kí n ra ibuprofen wá, ọ̀rẹ́ wa kan ní ká má dán an wò. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀?
Ọkọ tó dààmú, Salvador

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín lẹ gbọ́ tiẹ̀, kí ẹ sì gbé ìyàwó yín lọ sí UPA, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ìjọba, tó sún mọ́ yín lónìí, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń ṣí, ọ̀fẹ́ ni, wọn ò ní torí pé ẹ jẹ́ àlejò lé yín. Mo ti fèsì yìí ránṣẹ́ sí i lọ́tọ̀ kí ìwé yìí tó jáde, mo kàn tún ń kọ ọ́ síbí torí ẹ̀yin yòókù ni.

Nílé, tí ara bá ti gbóná, màlèríà ni, a ò kì í bèèrè. Ní Salvador kò rí bẹ́ẹ̀, agbègbè Amazon ni màlèríà Brazil fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tán, ohun tó ń gbé èèyàn dálẹ̀ létí òkun ibẹ̀ ni dengue, ní 2024 nìkan, àwọn tí wọ́n fura pé ó mú ní Brazil lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Ẹ̀fọn tó ń gbé e kiri, ojúmọmọ ló ń jẹ èèyàn, nínú omi tó mọ́ tó dúró sójú kan ló ń yé sí, àwo abẹ́ ìkòkò òdòdó, korobá tẹ́ ẹ fi gbe omi òjò, táyà tó wà lẹ́yìn ilé. Aspirin àti ibuprofen lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde lára ẹni tí dengue bá mú, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ń fún un, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ èyí tó máa lò, kó sì máa mu omi dáadáa. Kẹ́ ẹ má wá rò pé ó ti tán nígbà tí ara ẹ̀ bá rọ̀ o, ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ la ojú sílẹ̀, tí inú bá ń run ún gidi, tó ń bì láìdáwọ́ dúró, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde léèrígì, ẹ padà sọ́sibítù kíá.

Ohun kan tún kù: tó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì pẹ́ tẹ́ ẹ ti Nàìjíríà dé, ẹ sọ fún dókítà kó yẹ màlèríà náà wò, torí ó lè jẹ́ inú ara yín lẹ gbé e bọ̀, dókítà Salvador ò sì ní tètè rò ó.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ọkọ mi ti pẹ́ níbí kí n tó dé, ó gbọ́ Potogí, èmi ò gbọ́. Òun ló ń bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, òun ló ń lọ sọ́jà, òun lẹnu mi, òun letí mi. Tó bá lọ síbi iṣẹ́ èmi á jókòó ti fáànù. Tó bá wá di Sunday, dípò ká jọ wà nílé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á gba etí òkun lọ. Mo bá wọn lọ lọ́jọ́ kan, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀, okùn ni wọ́n so mọ́ra. Mo ní kó má lọ mọ́, ó ní ṣé mo fẹ́ fi òun sẹ́wọ̀n ni. Ta ló jẹ̀bi nínú wa?
Ìyàwó inú ilé, Brotas

ÌDÁHÙN: Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ okùn. Nílé, ẹni tó bá lọ sí Elégúshì, fàájì ló lọ ṣe, ó sanwó ẹnu ọ̀nà, ó jẹ sùyà, omi gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́. Ní Salvador, etí òkun kì í ṣe òde àríyá rárá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe bọ́ọ̀dè, ibẹ̀ ni tọkọtaya ti ń jà tí wọ́n ti ń parí ẹ̀, ìyá àgbà ẹni àádọ́rin ọdún á wọ tiẹ̀ á jókòó sábẹ́ agbòòrùn, kò sẹ́ni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ ẹ ti pẹ́ níbẹ̀, ojú ẹ̀ ti mọ́ ọn, ìwọ lojú ẹ ò tíì mọ́ ọn. Wọ ohun tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń so aṣọ kan mọ́ ìdí, canga, ìwọ tó o ti ń ró ìró láti kékeré, ta ló fẹ́ kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń so ó?

Sọ fún un pé kó mú ẹ lọ sí Porto da Barra láàárọ̀ kùtù, inú ọwọ́ omi ni ibẹ̀ wà, ìgbì ò le, kò tíì kún nígbà yẹn. Apá ibi tó kọjú sí agbami gangan, bíi Jaguaribe, ìgbì ibẹ̀ le, tí wọ́n bá ta àsíá pupa ẹ má wọ omi. Ẹ bèèrè iye owó àga kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ fi fóònù olówó ńlá sílé, kẹ́ ẹ ra wàràkàṣì tí wọ́n ń sun lórí igi, queijo coalho, ẹni tó mọ wàrà Fúlàní á fẹ́ràn ẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkun kọ́ ló ń bí ẹ nínú, àbúrò mi. Ẹnu tí ọkọ ẹ gbà lọ́wọ́ ẹ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ òun nìkan lo ní, tó bá wá lọ lọ́jọ́ Sunday pẹ̀lú, kí ló kù fún ẹ? Lọ gba CPF tìẹ, nọ́ńbà tí gbogbo èèyàn ń lò fún gbogbo nǹkan ní Brazil, láti fóònù dé báńkì, má fi ti ọkọ ẹ rọ́pò. Tó o bá ti ní i, ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹ kó o lè máa fi Pix, ọ̀nà ìsanwó orí fóònù wọn, sanwó, láti 2020 tí báńkì àgbà wọn ti gbé e jáde, ẹni tó ń ta àgbọn létí òkun gan-an ń gbà á, kò sídìí tó o fi máa dúró de ẹni tó máa fún ẹ lówó ata. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ọkọ ẹ má tẹ̀ lé ẹ, ìwọ nìkan ni kó o lọ sọ́jà. Kí wọn kó o tó bèèrè nǹkan. Bom dia, ìyẹn ẹ káàárọ̀, tó o bá wọ bọ́ọ̀sì, bom dia tó o bá wọ ṣọ́ọ̀bù, bom dia fún ẹni tẹ́ ẹ jọ wà nínú ẹ̀rọ agbéniròkè, ẹni tí ò kí ẹlòmíì níbẹ̀ wọ́n á ní ó ń gbéra ga. Ọmọ Yorùbá ni ẹ́, kíkí ò lè ṣòro fún ẹ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín Potogí ẹ, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ara ibẹ̀ lo ti máa gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọkọ tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ gbọ́ o, títúmọ̀ gbogbo nǹkan fún ìyàwó yín dùn mọ́ yín nínú, mo mọ̀, ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ dà bí ọ̀gá. Ẹ jáwọ́ díẹ̀díẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, aládùúgbò mi ló sọ fún mi pé nípárí ọdún owó oṣù kẹtàlá máa ń wọlé fún àwọn òṣìṣẹ́. Mo bi ọkọ mi, ó ní "oṣù mélòó ló wà nínú ọdún?" Ó ti ń ṣiṣẹ́ níbí tipẹ́. Ṣé òótọ́ ni, àbí obìnrin yìí fẹ́ da ilé mi rú?
Ìyá Oṣù Méjìlá

ÌDÁHÙN: Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Òótọ́ ni, òfin ni láti 1962, ẹni tí wọ́n bá fọwọ́ sí káàdì iṣẹ́ ẹ̀, carteira assinada, owó oṣù kan tún wà fún un lórí méjìlá, ìdajì gbọ́dọ̀ wọlé kí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá tó kọjá, ìyókù kí ogún ọjọ́ oṣù kejìlá tó kọjá. Kí n tún fi epo sí iná yìí: tó bá gba ìsinmi ọdún, wọ́n tún máa fi ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù kún tiẹ̀.

Àmọ́ má tíì gbé ìbínú wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ara ẹ̀ ló ń ṣe, tàbí owó ìrànwọ́ ilé ẹ̀kọ́ ló ń gbà, tàbí wọn ò fọwọ́ sí káàdì kankan fún un, kò sí kẹtàlá. Bi í pé irú iṣẹ́ wo ni. Tó bá wá jẹ́ pé ó ń gbà á, mo lè méfò ibi tó ń lọ, oṣù kejìlá ni gbogbo ilé ń pè, ìyá fẹ́ ra adìyẹ, àbúrò fẹ́ san owó ilé ìwé. Fífi ránṣẹ́ sílé ò burú, fífi pamọ́ fún ìyàwó ló burú. Ẹ jọ jókòó ṣírò ẹ̀ lóṣù kẹwàá, kí owó tó dé, torí tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó lọ sílé míì, lánlọ́ọ̀dù lè gba tó rẹ́ǹtì oṣù mẹ́ta sọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí owó ìdúró, ibẹ̀ ni kẹtàlá wúlò sí jù.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá ọkọ mi rí fọ́tò wa lórí WhatsApp, èmi àti ọmọ ẹ̀ wọ funfun lọ́jọ́ Friday torí gbogbo ọ́fíìsì ló wọ̀ ọ́. Aago méjì òru ni màmá pè, pé ṣé a ti di abọ̀rìṣà. Kí ni ká sọ fún wọn?
Aláṣọ funfun

ÌDÁHÙN: Ẹ sọ òótọ́ fún màmá. Torí Òrìṣàńlá, tí wọ́n ń pè ní Oxalá, ni wọ́n ṣe ń wọ funfun lọ́jọ́ Friday ní Salvador, àmọ́ Kátólíìkì ń wọ̀ ọ́, dírẹ́bà ń wọ̀ ọ́, ẹni tí ò gba nǹkan kan gbọ́ náà ń wọ̀ ọ́. Tó bá wù yín ẹ wọ̀ ọ́, tí ò bá wù yín ẹ wọ búlúù, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ohun tí mo kàn máa ń bá àwọn ọmọ wa jà lé lórí ni ẹ̀rín. Tí wọ́n bá gbọ́ orin Yorùbá nílé òrìṣà ibẹ̀, tí wọ́n rí ogunlọ́gọ̀ tó ń gbé òdòdó lọ fún Yemọja létí òkun Rio Vermelho ní ọjọ́ kejì oṣù kejì, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín pé wọn ò pe ọ̀rọ̀ dáadáa. Inú ẹrú ni àwọn baba ńlá wọn ti pa á mọ́, ìwọ tó o wọ bàálù wá, oríkì ilé yín ńkọ́, ṣé o mọ̀ ọ́n?

Ní ti aago méjì òru, wákàtí mẹ́rin ni Nàìjíríà fi ṣíwájú Salvador, aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni màmá fi pè yín. Ẹ dá aago fún wọn, mẹ́jọ alẹ́ tiwọn, mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiyín, kó máa jẹ́ ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo lóyún, ìyá mi ń bọ̀ láti Òṣogbo wá wẹ ọmọ. Kí ló yẹ ká mọ̀?
Ìyá ọmọ tuntun, Itapuã

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀. Lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn àdúgbò yín báyìí, ọ̀fẹ́ ni títọ́jú oyún, ọ̀fẹ́ ni ìbímọ, ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ. Ọmọ tó bá bí síbẹ̀, ọmọ Brazil ni, ẹ̀yin òbí ẹ̀ sì lè tipasẹ̀ ẹ̀ béèrè ìwé ìgbé lọ́dọ̀ Polícia Federal, tó bá sì wù yín láti di ọmọ onílẹ̀ pátápátá, ọdún mẹ́rin tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àlejò yòókù, ọdún kan ló máa dà fún yín. Bàbá ọmọ ni kó tètè lọ gba ìwé ìbí ní cartório.

Màmá ńkọ́? Omi gbígbóná tí wọ́n fẹ́ fi tẹ ikùn ẹ, nọ́ọ̀sì máa ní kí wọ́n má ṣe é, súwẹ́tà àti fìlà tí wọ́n ti hun fún ọmọ, tó bá jẹ́ oṣù kìíní lo máa bí, kó wà nínú báàgì, ooru ọ̀hún á ti tó ọmọ náà, ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kó wọ̀, àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lọ́sàn-án. Òfin kan tún wà láti 2005 pé obìnrin tó ń rọbí lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ẹnì kan tó bá yàn wọlé tì í, láti ìgbà tó bá ti ń rọbí títí lẹ́yìn ìbímọ. Ẹnì kan ni o. Màmá á rò pé òun ni, ọkọ ẹ náà á rò pé òun ni. Ìwọ ló máa yàn, sọ ọ́ fún wọn kí màmá tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.